Ilé Àwòṣífìlà Tí Kò Parí àti Àìní Ibùgbé ní Àárín Gbùngbùn Àbújá

Àárín gbùngbùn Àbújá ni apá olú-ìlú Nàìjíríà tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, àwọn báńkì àti àwọn ilé okòwò ńláńlá. Àwọn àdúgbò Maitama, Wuse, Garki àti Asokoro ni ó yí i ká. Láàárín àwọn ilé àwòṣífìlà tí a ti kọ́ parí níbẹ̀ ni àwọn mìíràn dúró sí tí wọn kò ní fèrèsé, tí wọn kò ní ilẹ̀kùn, tí irin orí òpó wọn sì ti dípẹtà. Ní ìlú kan náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní àárín gbùngbùn yìí ni kò rí ilé tí agbára wọn ká nítòsí. Láti àfẹ̀mọ́jú ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ láti Nyanya, Mararaba, Kubwa, Lugbe tàbí Suleja kí wọ́n tó lè dé ibi iṣẹ́ lásìkò.

Ó lè ṣe àjèjì sí ènìyàn pé ilé ṣófo láìparí níbi tí àwọn ènìyàn ti ń wá ilé. Ṣùgbọ́n ohun tó fa èkínní kò jìnnà sí ohun tó fa èkejì. Ẹni tí ń san owó ilé àwòṣífìlà ní Àbújá kì í sábà jẹ́ ẹni tí yóò gbé inú rẹ̀. Ìjọba a máa sanwó láti inú ètò ìṣúná ọdọọdún. Olówó a sì máa sanwó láti fi pa ọrọ̀ rẹ̀ mọ́. Bí owó méjèèjì bá dáwọ́ dúró, iṣẹ́ a dúró, bó ti wù kí àwọn tí ń wá ibùgbé pọ̀ tó. Àyọkà yìí ṣàlàyé bí ọ̀ràn náà ṣe bẹ̀rẹ̀, bí ilẹ̀ àti owó ṣe dá kún un, àti ohun tí a ti ṣe sí i.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀ ìlú náà

Ní ọdún 1975 ni ìjọba ológun Ọ̀gágun Murtala Muhammed gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀, tí Adájọ́ Akínọlá Àgùdà jẹ́ alága rẹ̀, láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá Èkó ṣì yẹ ní olú-ìlú. Ìgbìmọ̀ náà rí i pé Èkó ti há jù fún iṣẹ́ olú-ìlú orílẹ̀-èdè, ó sì dábàá ilẹ̀ tuntun ní àárín Nàìjíríà. Òfin tí ìjọba ṣe ní ọjọ́ 4, oṣù Kejì, ọdún 1976 ni ó dá Agbègbè Olú-ìlú Àpapọ̀ sílẹ̀. Àwọn Gbagyi àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ti ń gbé lórí ilẹ̀ náà tipẹ́tipẹ́. A ṣí díẹ̀ nínú wọn nípò, a sì fi àwọn mìíràn sílẹ̀ sí abúlé wọn láàárín ìlú tí ń dìde.

International Planning Associates, àjọṣepọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà mẹ́ta, ni ó ya àwòrán ìpìlẹ̀ Àbújá, wọ́n sì gbé e jáde ní ọdún 1979. Kenzo Tange, ayàwòrán-ilé ọmọ Japan, ni ó ya àwòrán àárín gbùngbùn ní kíkún. Àwòrán ìpìlẹ̀ náà pín ìlú sí ìpele ìpele, ó sì ṣètò pé nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá kún, àwọn olùgbé rẹ̀ kò ní ju mílíọ̀nù 3.1 lọ. Ní ọjọ́ 12, oṣù Kejìlá, ọdún 1991, ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida ṣí kúrò ní Èkó wá sí Àbújá ní gbangba.

Nínú àwòrán náà, iṣẹ́ ìjọba àti okòwò ni ó gba èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àárín gbùngbùn. Àwọn àdúgbò tó yí i ká ni a fi ṣe ibùgbé. A sì ya ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ èrò tí yóò máa kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ kó wọn bọ̀. Àwọn ọ́fíìsì tètè dìde. Ní ti ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, ọdún 2018 ni a tó ṣí i. Ó dúró ní ọdún 2020, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Karùn-ún, ọdún 2024. Ọ̀nà rẹ̀ lọ sí ìhà pápákọ̀ òfuurufú àti ìhà Kubwa. Kò dé Nyanya àti Mararaba, níbi tí èrò ti pọ̀ gan-an.

Àwọn ilé tí iṣẹ́ dúró lórí wọn

Ilé tí a mọ̀ jù lọ nínú àwọn tí kò parí ni Ilé-ìṣọ́ Mìlẹ́níọ̀mù Àbújá. Manfredi Nicoletti, ayàwòrán-ilé ọmọ Ítálì, ni ó ya àwòrán rẹ̀. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 170, ó sì ga ju gbogbo ilé yòókù ní ìlú náà lọ. Ní àárín àwọn ọdún 2000 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀, pẹ̀lú ilé àṣà kan tí a fẹ́ kí ó ní gbọ̀ngàn ńlá, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti hòtẹ́ẹ̀lì. Ara ilé-ìṣọ́ náà ti ga sókè láti ọjọ́ pípẹ́, a sì ń rí i láti ọ̀nà jínjìn, ṣùgbọ́n ó lé ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí a kò tíì ṣí i fún aráàlú.

Ọ̀nà tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ń dúró kò ṣòroó lóye. Ìjọba a gbé kọ́ńtíráàtì fún agbaṣẹ́ṣe ní iye kan, ṣùgbọ́n kì í kó owó náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìwọ̀nba tí ètò ìṣúná ọdún kọ̀ọ̀kan bá fàyè gbà ni yóò san. Bí owó epo rọ̀bì bá wálẹ̀, tàbí tí ìjọba tuntun bá dé pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀, iye tí a yà sọ́tọ̀ a dín kù. Agbaṣẹ́ṣe a rọra kó ẹ̀rọ àti òṣìṣẹ́ rẹ̀ kúrò. Nígbà tí ìjọba bá tún padà sórí iṣẹ́ náà, símẹ́ǹtì àti irin ti gbówó lórí, àfi kí wọ́n tún iye kọ́ńtíráàtì ṣírò. Ìdúró kan a tipa bẹ́ẹ̀ bí òmíràn: bí iṣẹ́ bá ti pẹ́ sí i ni owó tí yóò parí rẹ̀ ń pọ̀ sí i, bí owó náà bá sì ti pọ̀ sí i ni ó ń ṣòro sí i láti rí i nínú ìṣúná ọdún kan.

Ti aládàáni yàtọ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó ọwọ́ wọn, tàbí kí wọ́n gba owó ìṣáájú lọ́wọ́ àwọn tí yóò ra yàrá tàbí àjà kí ilé tó dìde. Ìpìlẹ̀ àti òpó ni owó náà a kọ́kọ́ gbà. Àwọn ohun tó kẹ́yìn, bí ẹ̀rọ agbéniròkè, gíláàsì ara ògiri, ẹ̀rọ amúlétutù àti ẹ̀rọ amúnáwá, ni ó máa ń wọ́n jù, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ wọn sì ti ń wá. Ìdí nìyí tí ilé fi ń dé àjà ìkẹyìn kí iṣẹ́ tó dúró: owó tó tó fún kọnkéré kò tó fún ohun tí yóò sọ kọnkéré di ilé. Àwọn kan a máa parí. Ilé-iṣẹ́ Okòwò Àgbáyé tó wà ní àárín gbùngbùn ní ilé ibùgbé alájà tó lé ní 20, èyí tó fi hàn pé kì í ṣe ìmọ̀ iṣẹ́ ni ó wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn olówó nìkan ni irú ilé bẹ́ẹ̀ wà fún.

Ọ̀ràn ilẹ̀

Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ gómìnà. Ní Àbújá, Òfin Orílẹ̀-èdè ọdún 1999 fi gbogbo ilẹ̀ sí abẹ́ ìjọba àpapọ̀, Mínísítà tó ń bójú tó Agbègbè Olú-ìlú ni ó sì ń pín in. Ẹni tí a bá pín ilẹ̀ fún kò rà á gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ṣe ń ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí ní ibòmíràn. Ẹ̀tọ́ láti lò ó fún iye ọdún kan ni ó gbà, a sì ń fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ìwé náà ní májẹ̀mú: a gbọ́dọ̀ máa san owó ilẹ̀ lọ́dọọdún, a sì gbọ́dọ̀ kọ́lé sórí ilẹ̀ náà láàárín àkókò tí ìwé náà dá.

Májẹ̀mú yìí dára, ṣùgbọ́n ó ní àbájáde tí a kò pète. Ilẹ̀ àárín gbùngbùn a máa níye lórí sí i lọ́dọọdún, yálà a kọ́lé sí i tàbí a kò kọ́ ọ. Nítorí náà, ẹni tí a pín ilẹ̀ fún lè rí i pé ó sàn kí òun dì í mú ju kí òun kọ́lé parí. Bí ó bá sì gbé òpó díẹ̀ dúró, ó ti fi hàn pé òun ń kọ́lé, ọwọ́ òfin kò sì ní tètè tó o. Egungun ilé kan lè tipa bẹ́ẹ̀ jẹ́ ohun ìṣọ́ ilẹ̀, kí ó má sì jẹ́ ilé tí ẹnikẹ́ni ń retí láti wọ̀.

Ìjọba ti gbìyànjú láti ṣẹ́gun ìwà yìí. Ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2023, àwọn aláṣẹ Agbègbè Olú-ìlú kéde pé àwọn gba ilẹ̀ 165 padà nítorí pé àwọn tó ni wọ́n kò kọ́lé sí wọn. Ní oṣù Kẹta, ọdún 2025, wọ́n kéde pé àwọn fagi lé ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ 4,794 nítorí owó ilẹ̀ tí a kò san fún ó kéré tán ọdún 10. Àárín gbùngbùn, Maitama, Asokoro, Wuse àti Garki wà lára àwọn àdúgbò tí ọ̀ràn náà kàn. Pé ènìyàn lè di ilẹ̀ tó níye lórí tó bẹ́ẹ̀ mú fún ọdún mẹ́wàá láìsan owó orí rẹ̀ fi bí àdéhùn náà ti rọ̀ tó hàn.

Ọ̀ràn owó

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ilé àwòṣífìlà pọ̀ sí, owó tí a yá ni a fi ń kọ́ èyí tó pọ̀ jù, a sì ń san án díẹ̀díẹ̀ láti inú owó ilé. Ní Nàìjíríà, èlé orí owó yíyá ga jù fún irú iṣẹ́ tí kò ní mú èrè wọlé títí ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ìwọ̀n èlé tí àwọn báńkì yòókù ń wò ṣe tiwọn sókè dé ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá yáwó kọ́lé ní iye èlé bẹ́ẹ̀ yóò jẹ gbèsè tó ju owó ilé náà lọ kí ayálégbé àkọ́kọ́ tó wọlé.

Iye náírà pẹ̀lú kò dúró lójú kan. Ṣáájú oṣù Kẹfà, ọdún 2023, iye tí ìjọba ń pààrọ̀ dọ́là kan sí kò tó 500 náírà. Ní ìparí ọdún 2024, ó ti tó nǹkan bí 1,500. Agbaṣẹ́ṣe tó ti gba kọ́ńtíráàtì ní náírà, tó sì ní láti ra ẹ̀rọ agbéniròkè ní dọ́là, rí i pé owó tí òun ṣírò kò tó nǹkan mọ́.

Ètò kan wà tó yẹ kí ó ran òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Òfin tó dá Àpò Owó Ilé Gbígbé ti Orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní ọdún 1992 ní kí òṣìṣẹ́ máa dá ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ sínú àpò kan, kí ó lè rí owó yá láti kọ́lé tàbí rà á ní èlé tó rọjú. Ṣùgbọ́n kí òṣìṣẹ́ tó lè yáwó, ó gbọ́dọ̀ ní ilé kan tí iye rẹ̀ wà ní ìwọ̀n owó oṣù rẹ̀, tí ìwé ilẹ̀ rẹ̀ sì pé. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò sí ní àárín gbùngbùn.

Àwọn tí ń wá ilé

Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,406,239 ní Agbègbè Olú-ìlú Àpapọ̀. A kò tíì ka ènìyàn ní Nàìjíríà mọ́ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n àwọn ìletò tó yí Àbújá ká ti fẹ̀ gidigidi. Àgọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó wá kọ́ ìlú ni Nyanya nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn gbé olú-ìlú dúró ni àwọn àkọ́kọ́ tí kò rí àyè nínú rẹ̀. Mararaba wà lẹ́yìn ààlà, ní Ìpínlẹ̀ Nasarawa. Suleja wà ní Ìpínlẹ̀ Niger. Ìlú méjèèjì ń gbé òṣìṣẹ́ Àbújá sùn, ṣùgbọ́n ìjọba Àbújá kọ́ ni ó ń ṣe ọ̀nà àti omi wọn.

Ìpinnu ìjọba méjì tún mú ọ̀ràn náà le sí i láàárín ọdún 2003 sí 2007. Èkínní ni títa àwọn ilé ìjọba. Ṣáájú ìgbà náà, òṣìṣẹ́ ìjọba a máa gbé ilé tí ìjọba pèsè. A ta àwọn ilé náà, a sì fún àwọn tó ń gbé inú wọn láǹfààní àti kọ́kọ́ rà wọ́n. Ẹni tó rà jèrè púpọ̀. Òṣìṣẹ́ tó dé lẹ́yìn rẹ̀ kò bá ilé ìjọba mọ́. Èkejì ni wíwó àwọn ìletò tí a sọ pé wọn kò bá àwòrán ìpìlẹ̀ mu. Àwọn ẹgbẹ́ tí ń jà fún ẹ̀tọ́ ibùgbé ṣírò pé nǹkan bí ènìyàn 800,000 ni ó pàdánù ilé wọn. Ọ̀pọ̀ wọn ṣí lọ sí ìletò tó tún jìnnà sí i.

Ohun tó sé ọ̀nà mọ́ wọn ni iye owó àti bí a ṣe ń gbà á. Ní oṣù Keje, ọdún 2024, owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà di 70,000 náírà. Ẹni tó bá ń gba iye yìí, tí kò sì ná kọ́bọ̀ kan, yóò ní 840,000 náírà lọ́dún. Kò lè fi í gba ilé oníyàrá kan ní Maitama tàbí Asokoro. Onílé kì í sì í gba owó ilé lóṣooṣù. Owó ọdún kan, nígbà mìíràn ọdún méjì, ni ó ń béèrè lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú owó alágbàtà àti owó àdéhùn. Àìní ilé pọ̀, ṣùgbọ́n àìní tí kò ní owó lọ́wọ́ kò lè mú agbaṣẹ́ṣe padà sórí iṣẹ́.

Àpẹẹrẹ ti Èkó

Ṣíṣí tí olú-ìlú ṣí ní ọdún 1991 fi irú ọ̀ràn yìí sílẹ̀ ní Èkó pẹ̀lú. Sẹkitéríàtì Àpapọ̀ ní Ìkòyí, tí a kọ́ ní àwọn ọdún 1970, ṣófo nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ kó lọ sí Àbújá. Ní ọdún 2006, ìjọba àpapọ̀ tà á fún ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ní 7 bílíọ̀nù náírà. Ilé-iṣẹ́ náà pète láti sọ ọ́ di ilé ibùgbé 480. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá iṣẹ́ náà dúró.

Ọ̀ràn àṣẹ ni ó wà nídìí rẹ̀. Ní ọdún 2003, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti dájọ́ pé ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ní àṣẹ lórí ètò ìkọ́lé nínú ìpínlẹ̀ rẹ̀, kódà níbi tí ìjọba àpapọ̀ bá ti ní dúkìá. Ẹni tó ra ilé lọ́wọ́ ìjọba kan wá rí i pé ìjọba mìíràn ni yóò fún òun ní ìyọ̀ǹda láti tún un kọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá, ilé náà wà níbẹ̀, koríko sì bo àyíká rẹ̀. Ní Àbújá, ìjọba kan ṣoṣo ni ó ń pín ilẹ̀ tó sì ń fọwọ́ sí ìkọ́lé, síbẹ̀ ilé ń dúró. Àwọn ìlú méjèèjì kọ́ wa pé ìjà àṣẹ lè dá ilé dúró, ṣùgbọ́n àìsí ìjà àṣẹ nìkan kò tó láti parí rẹ̀.

Ohun tí ìdúró ń ṣe sí ilé

Ilé tí kò ní òrùlé àti ògiri kì í dúró bí a ti fi í sílẹ̀. Òjò a máa wọ inú kọnkéré níbi tó bá ti sán, irin inú rẹ̀ a dípẹtà. Irin tó dípẹtà a wú, a sì fọ́ kọnkéré tó yí i ká. Omi a kún àjà abẹ́ ilẹ̀. Nítorí náà, kí iṣẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ yẹ òpó àti ìpìlẹ̀ wò, kí wọ́n mọ ẹrù tí wọ́n ṣì lè gbé. Ìyẹ̀wò yìí kì í ṣe àṣedànù: ní ọjọ́ 1, oṣù Kọkànlá, ọdún 2021, ilé alájà 21 tí a ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ìkòyí wó lulẹ̀, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 40.

Ní àkókò tí ilé bá fi dúró, àwọn ẹ̀ṣọ́ àti àwọn tí kò níbi sùn nìkan ni ó ń gbé inú rẹ̀, láìsí omi, láìsí iná, títí tí àwọn agbófinró yóò fi lé wọn jáde.

Àwọn ọ̀nà àtúnṣe tí a ń jíròrò

Iye ilé tí a sábà ń sọ pé ó kù fún Nàìjíríà láti kọ́ ni mílíọ̀nù 17 tàbí mílíọ̀nù 28, àwọn olóṣèlú sì ń fi iye wọ̀nyí béèrè fún ilé kíkọ́ sí i. Ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2019, Leilani Farha, tó jẹ́ aṣojú Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ sí ibùgbé nígbà náà, ṣàbẹ̀wò sí Nàìjíríà. Ó tọ́ka sí i pé àwọn ilé olówó ńlá tí a ń kọ́ ní àwọn ìlú kò yanjú àìní ibùgbé, nítorí ibi ìfowópamọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n sì ṣófo.

Àwọn onímọ̀ kan dábàá kí a máa gba owó orí tó pọ̀ lórí ilé tó ṣófo àti ilẹ̀ tí a dì mú, kí dídì í mú lè wọ́n ju kíkọ́ ọ parí lọ. Àwọn mìíràn ní kí a jẹ́ kí a sọ àwọn ọ́fíìsì tí kò parí di ibùgbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ọ́fíìsì nílò ọ̀nà omi, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ tí a kò yà sí i tẹ́lẹ̀. Àwọn kan sì ní kí a mú ọkọ̀ ojú irin dé Nyanya àti Mararaba ná, kí jíjìnnà ilé má baà jẹ́ ìyà.

Gbígba ilẹ̀ padà ni ìjọba ti ṣe jù. Ó lè lé ẹni tí kò kọ́lé kúrò lórí ilẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá tún pín ilẹ̀ náà fún olówó mìíràn láìsí èlé tó rọjú àti láìsí ilé ní ìwọ̀n owó oṣù òṣìṣẹ́, onílẹ̀ nìkan ni yóò yí padà. Títí di ìgbà tí owó tí òṣìṣẹ́ Mararaba lè san lóṣooṣù yóò fi wà lára owó tí a fi ń kọ́lé ní àárín gbùngbùn, àìní rẹ̀ kò ní agbára láti parí ilé kankan níbẹ̀.